Orí Àǹtí Mi Ló Gba Ààwẹ̀ Náà

Ẹ̀yin ènìyàn mi, iṣẹ́ irun dídì ni mo ń ṣe. Ó ti lé lọ́dún mẹ́rìndínlógún tí mo ti wà lẹ́nu rẹ̀ ní Ìkòsí, kò sì sí irú orí tí kò tíì kọjá lábẹ́ ọwọ́ mi. Orí ìyàwó tuntun, orí ọmọ ọwọ́, orí àwọn ìyá aláta Mile 12 tí òṣùká ti jẹ irun wọn tán láàárín, gbogbo wọn ni mo ti dì. Ṣùgbọ́n orí kan ṣoṣo tí mo fẹ́ dì láyé yìí báyìí, ẹni tó ni ín kò gbé e fún mi. Ẹ̀gbọ́n mi ni, ọmọ ìyá mi, ẹni tó tọ́ mi dàgbà. Kò bá mi jà o. Ó ń jẹ oúnjẹ mi, ó ń bá mi ṣeré, ó ń bèèrè àwọn ọmọ mi. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti na ọwọ́ sí gèlè orí rẹ̀, yóò rọra fà sẹ́yìn, yóò ní, "Má yọ ara rẹ lẹ́nu." Ẹ̀yin tí ẹ bá ní ẹ̀gbọ́n, ẹ ó mọ̀ pé ó sàn kí ènìyàn gbọ́ èébú ju kó gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lọ. Láti ọdún tó kọjá ni ara mi kò ti balẹ̀. Bí mo bá jókòó, n ó dìde. Bí mo bá dìde, n kò mọ ibi tí mo ń lọ.

Bí mo bá ní ẹlòmíràn ló fà á, irọ́ ni mo pa. Ọwọ́ ara mi ni mo fi ṣe ara mi, Lẹ́ńtì, ààwẹ̀ ogójì ọjọ́ tó ń ṣáájú Àjíǹde, ni mo sì fi ṣe é.

Àǹtí Fọlá ni mo ń pè é. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà tí ìyá wa kú ní ìlú wa ní Rẹ́mọ. Àrùn rọpárọsẹ̀ ló pa á, ojú mi báyìí ló sì ṣe. Mo rí bí ẹnu rẹ̀ ṣe wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo rí bí ó ṣe ń gbìyànjú láti pè mí tí orúkọ mi kò bọ́ sí i lẹ́nu. Àǹtí Fọlá ló kó mi wá sí Èkó lẹ́yìn ìsìnkú. Ilé ìwé ló kọ́kọ́ fi mí sí. Nígbà tí ìwé kò wọ orí mi, ó mú mi lọ kọ́ṣẹ́ irun. Ẹ̀yin tí ẹ bá mọ iṣẹ́ wa, ẹ mọ̀ pé kò sí ẹni tó ń gbé orí fún ọmọ iṣẹ́ tuntun. Ta ni yóò fẹ́ kí wọ́n fi orí òun kọ́ṣẹ́? Àǹtí Fọlá gbé tirẹ̀ fún mi. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ Sátidé, yóò jókòó sáàárín ẹsẹ̀ mi, n ó sì máa fà á nírun títí omi yóò fi bọ́ lójú rẹ̀. Ìlà tí mo ń là dàbí ọ̀nà oko, ó wọ́ lọ síhìn-ín, ó wọ́ lọ sọ́hùn-ún. Ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀ tí mo bá dì nígbà náà, ẹlẹ́dẹ̀ gan-an yóò kọ̀ ọ́. Bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú, bí ẹnikẹ́ni bá sì rẹ́rìn-ín, á ní, "Àbúrò mi ló dì í."

Lọ́dún tó kọjá, ó ku bí oṣù kan kí Lẹ́ńtì wọlé, wọ́n pè mí lórí fóònù pé Àǹtí Fọlá ṣubú ní balùwẹ̀ ilé rẹ̀ ní Alápẹ̀rẹ̀. Àrùn kan náà ni. Apá òsì kò ṣeé gbé mọ́, ọ̀rọ̀ sì wúwo lẹ́nu rẹ̀. Ó lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní ọsibítù. Ọkọ rẹ̀ ti kú, ọmọ kan ṣoṣo tó bí wà ní yunifásítì. Ọmọ náà wá tọ́jú rẹ̀ títí wọ́n fi dá a sílẹ̀, ó sì padà sẹ́nu ìdánwò. Èmi ńkọ́? Mo ń lọ sí ọsibítù, n kò ní purọ́, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà wọ́ọ̀dù ni mo máa ń dúró sí. N ó gbé oúnjẹ fún nọ́ọ̀sì, n ó juwọ́ sí Àǹtí mi, n ó ní mo fi oníbàárà sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù, n ó sì ti sá lọ.

Sátidé tó ṣáájú Ọjọ́rú Eérú ni mo lọ kí i nílé. Mo bá Ìyá Ràfíù lọ́dọ̀ rẹ̀, obìnrin ará Ògbómọ̀ṣọ́ tí yàrá rẹ̀ dojú kọ ti Àǹtí mi. Mùsùlùmí ni, èédú ló ń tà níwájú ilé wọn. Ó ń bá Àǹtí mi di ife ẹ̀kọ mú. Gèlè kò sí lórí Àǹtí mi lọ́jọ́ náà, mo sì rí irun rẹ̀. Ẹ bá mi gbé e yẹ̀ wò: ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lórí ìrọ̀rí ọsibítù, òógùn, ẹ̀kọ tó ń dà sí i, kò sí òòyà tó kàn án. Ẹ̀yìn orí rẹ̀ ti so kọ́ra, ó le gbagidi bí kànìnkàn tí wọ́n gbàgbé sínú oòrùn. Ó ń rùn díẹ̀. Ẹnu rẹ̀ sì wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, gẹ́gẹ́ bíi ti ìyá wa.

Ó wò mí, ó ṣe sùúrù kí ọ̀rọ̀ tó jáde. Ó ní, "Bá mi tú irun yìí. Ó ń yún mi."

Mo gbọ́ ohùn ara mi tó ń sọ pé, "Àǹtí mi, ẹ jẹ́ kó di lẹ́yìn Àjíǹde. Mo ti ya Lẹ́ńtì yìí sọ́tọ̀ nítorí yín. Láti aago méjìlá sí mẹ́ta, lójoojúmọ́, inú ṣọ́ọ̀ṣì ni màá wà. Ẹ máa rí i, ẹ máa dìde."

"Ogójì ọjọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ó fi apá kan ẹnu rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Á jẹ́ pé orí mi náà máa gba ààwẹ̀ nìyẹn."

A jọ rẹ́rìn-ín, Ìyá Ràfíù náà rẹ́rìn-ín. Mo ṣe bí ẹni pé àwàdà ni. Ẹ wò ó, títí di ìgbà tí mo la ẹnu yẹn, n kò tíì pinnu ààwẹ̀ kankan. Orí ìdúró níbẹ̀ ni mo ti dá a sílẹ̀, kí n lè rí nǹkan fà bo ojú.

Ẹnu mi ló kó mi sínú rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí mo wọ inú rẹ̀ tán, ó dùn mọ́ mi. Ní Ọjọ́rú Eérú, Bàbá Àlùfáà fi eérú sàmì àgbélébùú sí mi níwájú orí, n kò sì nù ún títí di ìrọ̀lẹ́, kí gbogbo Kétu lè rí i. Bó bá ti ku díẹ̀ kí aago méjìlá lù, n ó ti ṣọ́ọ̀bù pa, n ó gun afárá ẹlẹ́sẹ̀ kọjá, n ó wọ ṣọ́ọ̀ṣì, n ó pa ohùn fóònù mi, n ó kúnlẹ̀. Ṣé mo ń gbàdúrà? Mo ń gbàdúrà o. Orúkọ Àǹtí Fọlá ni mo ń pè títí ọ̀fun mi yóò fi gbẹ. Ní ọjọ́ Àìkú kẹta, Bàbá Àlùfáà dárúkọ mi láti orí àga ìwàásù. Wọ́n ní kí àwọn obìnrin ìjọ fi mí ṣe àpẹẹrẹ, pé mo fi òwò mi sílẹ̀ nítorí ẹ̀gbọ́n mi. Orí mi wú. Òwò wo ni mo fi sílẹ̀? Ṣọ́ọ̀ṣì wa kì í so ìgbéyàwó pọ̀ nínú Lẹ́ńtì. Kò sí ìyàwó, kò sí ọ̀rẹ́ ìyàwó, kò sí ìyá ìyàwó. Àwọn obìnrin tó kù, irun ṣákálá ni wọ́n ń dì, àwọn mìíràn kì í tilẹ̀ dì í. Ìgbà tí ọwọ́ onídìrí ń dilẹ̀ jù lọ lọ́dún nìyẹn. Eṣinṣin nìkan ló ń bá mi jókòó ní ṣọ́ọ̀bù, bẹ́ẹ̀ Kétu sí Alápẹ̀rẹ̀, ọ̀kadà kan ṣoṣo ni.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì ni Àǹtí Fọlá bẹ̀rẹ̀ sí í fíláàṣì mi. Kò fẹ́ràn kó máa sọ̀rọ̀ lórí fóònù nítorí ẹnu rẹ̀ tó wúwo, nítorí náà yóò jẹ́ kó dún lẹ́ẹ̀kan, yóò pa á. Mo mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ó ní kí n wá ni. Tí mo bá jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì tí mo wo fóònù, n ó bá ìpè rẹ̀ méjì, mẹ́ta. N ó pè é padà, n ó ní, "Àǹtí, mo wà nínú àdúrà fún yín ni." Yóò ní, "Ó dáa." Mo ra òróró ólífì ìgò kan, mo gbé e fún Bàbá Àlùfáà kí wọ́n gbàdúrà sí i, mo fi rán ọlọ́kadà sí Ìyá Ràfíù, mo sì pè é pé kó máa fi kan Àǹtí mi níwájú orí láràárọ̀. Ẹ gbọ́ bí mo ṣe wí o: èmi onídìrí, èmi ọmọ ìjọ, ni mo ń bẹ obìnrin eléèédú pé kó bá mi fọwọ́ kan orí ẹ̀gbọ́n mi.

Kí ló dé? Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ tí n kò tíì sọ fún ọkọ mi gan-an. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Mo mọ̀ pé bí mo bá jókòó, tí mo gbé orí náà lé ìtan mi, n ó ní láti wo ojú yẹn, ojú ìyá mi. Ọwọ́ mi yóò kan ìpàkọ́ rẹ̀, n ó sì mọ̀ dájú pé àìsàn náà ti dé ilé wa padà. Ṣọ́ọ̀ṣì rọrùn. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, orúkọ lásán ni Àǹtí Fọlá. Mo lè gbé orúkọ náà síwájú Ọlọ́run kí n dìde, kí n gbọn eruku orúnkún mi nù. Òórùn náà sì ń rí mi lára. Mo ti sọ ọ́. Èmi tí iná orí ọmọ ọlọ́mọ ti gun ọwọ́ mi rí tí n kò wí nǹkan kan, orí ẹni tó fi orí rẹ̀ kọ́ mi níṣẹ́ ló wá ń rí mi lára.

Ọjọ́ Ẹtì Rere ni gbogbo rẹ̀ bàjẹ́. A parí ìsìn wákàtí mẹ́ta, gbogbo wa jáde nínú aṣọ dúdú, ebi ti dá batani sí mi nínú. Mo ní kí n yà sí Alápẹ̀rẹ̀, kí n sọ fún un pé ó ku ọ̀la nìkan, Àjíǹde ti dé tán. Ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí sílẹ̀ nítorí ooru, iná kò sí. Àǹtí Fọlá dùbúlẹ̀ lórí ẹní, ó gbé orí lé ìtan Ìyá Ràfíù, ó ń sùn. Ìyá Ràfíù ń tú irun rẹ̀. Kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀, ẹnikẹ́ni ló lè rí i. Òòyà ọmọdé tí eyín rẹ̀ ti kán ló ń lò, ìka rẹ̀ sì le. Ṣùgbọ́n ó ti fọ ọwọ́ méjèèjì débi ìgúnpá, títí gbogbo èédú fi kúrò, àfi èyí tó wà lábẹ́ èékánná. Fọ́nrán kan, fọ́nrán kan ló ń yọ ọ́. Bí ó bá dé ibi tó ta kókó, yóò di ìdí irun náà mú kó má baà fa awọ orí, yóò kán òróró sí i, yóò dúró díẹ̀, yóò tún bẹ̀rẹ̀. Ó ń kọrin kan sábẹ́ èémí. Ó ti tú ju ìdajì lọ. Mo mọ̀ pé láti àárọ̀ ló ti wà níbẹ̀, nítorí n kò rí èédú kankan níwájú ilé bí mo ṣe ń wọlé.

Kí ni ojú mi lọ bá nínú gbogbo ìyẹn? Ìgò òróró. Òróró tí Bàbá Àlùfáà gbàdúrà sí, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

"Ìyá Ràfíù, òróró àdúrà lẹ fi ń tú irun?" Ariwo ni mo fi sọ ọ́.

Ó gbọ̀n, ó gbé ọwọ́ kúrò lórí Àǹtí mi bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ìdí olè. Ó ní, "Ẹ má bínú, mà. Irun yẹn ti le jù ni, wọ́n máa ń sunkún tí wọ́n bá fẹ́ sùn. Òróró yẹn ló wà nítòsí. Màá ra òmíì fún yín."

N kò dákẹ́. Mo ní nǹkan mímọ́ ni, mo ní wọn kì í lò ó bẹ́ẹ̀, mo ní iwájú orí ni mo sọ. Àǹtí Fọlá ti jí. Kò gbé orí kúrò lórí ìtan obìnrin náà. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ tó ṣeé gbé fa ọwọ́ Ìyá Ràfíù padà sórí ara rẹ̀. Ó wá wò mí, ó ń to ọ̀rọ̀ jọ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ó ní, "Máa lọ sílé. Lọ ṣínu. Èmi ti ṣínu tèmi."

Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn dé Kétu, n kò mọ bí mo ṣe rìn ín. Wọ́n gbé oúnjẹ fún mi nílé, mo gbé e fún àwọn ọmọ mi. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, kò ṣeé kó. Ọjọ́ náà ló yé mi. Láti Ọjọ́rú Eérú ni mo ti ń wá Ọlọ́run lọ wá Ọlọ́run bọ̀ lórí afárá Kétu, bẹ́ẹ̀ Ọlọ́run jókòó lórí ẹní ní Alápẹ̀rẹ̀, ó ń tú irun. Mo dé ẹnu ọ̀nà, mo bá a níbẹ̀, mo sì kígbe mọ́ ọn nítorí òróró.

Ní ọjọ́ Ajé Àjíǹde, mo kó gbogbo irinṣẹ́ mi sínú báàgì, mo gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọ. Mo bá irun náà ní fífọ̀, ní yíyà, wọ́n ti dì í ní ìlà mẹ́rin tó wọ́. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ Àǹtí mi, mo bẹ Ìyá Ràfíù. Ìyá Ràfíù ní òun ti gbàgbé, kí n má jẹ́ kó dùn mí. Àǹtí mi náà ní òun ti dárí jì mí, pé kí lòun fẹ́ fi ìbínú ṣe pẹ̀lú ara tí òun gbé yìí. Mo ní ó dáa, ẹ jẹ́ kí n tún un dì fún yín. Mo na ọwọ́. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ, "Má yọ ara rẹ lẹ́nu." Ìyá Ràfíù ló ń dì í láti ìgbà náà, ìlà mẹ́rin tó wọ́, ọ̀sẹ̀ méjì méjì.

Iṣẹ́ mi yí padà lọ́wọ́ mi, láìjẹ́ pé mo pinnu rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, bí àwọn aláta láti Mile 12 bá jókòó, n ó máa ráhùn pé irun wọn kún fún eruku, pé àárín orí wọn kò gba òwú. Ní báyìí, bí òòyà mi bá dé ibi tí òṣùká ti jẹ yẹn, ọwọ́ mi á rọ̀ fúnra rẹ̀. Mo máa ń ronú apẹ̀rẹ̀ tòmátò tó ti kọjá níbẹ̀, àti àwọn ọmọ tí wọ́n fi owó rẹ̀ rán nílé ìwé. Ìyá àgbà kan wà tó máa ń sùn lọ bí mo bá ti ń fọ orí rẹ̀. Tẹ́lẹ̀ n ó jí i, kí n lè tètè ṣe ti ẹlòmíràn. Ní báyìí mo ń jẹ́ kó sùn. N ó dúró, ọwọ́ mi yóò wà nínú irun rẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ, n kò ní la ẹnu gbàdúrà, ṣùgbọ́n nǹkan kan máa ń wà nínú ṣọ́ọ̀bù nígbà náà tí n kò rí fún odidi Lẹ́ńtì tí mo fi kúnlẹ̀. Àwọn baba wa tó gbé orí gẹ̀gẹ̀ kò sọ àsọdùn. Kò sí ẹni tó ń kọ ẹ̀yìn sí ọ, tó sì tẹrí ba fún ọ, bí kò bá fọkàn tán ọ. Ṣé ẹ wá rí ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn? Gbogbo Ìkòsí ló ń gbé orí fún mi, àfi ẹni tó kọ́kọ́ gbé e fún mi.

Lẹ́ńtì ọdún yìí ti wọlé. N kò lọ sí àdúrà ọ̀sán. Bàbá Àlùfáà ti bèèrè mi lẹ́ẹ̀mejì, àwọn obìnrin ìjọ ní mo ti tutù. Bó bá ti di aago méjìlá, Alápẹ̀rẹ̀ ni mo ń gbà lọ. N ó gbálẹ̀, n ó fọ abọ́, n ó bá Àǹtí mi na ìka ọwọ́ òsì lọ́kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe kọ́ ọ ní ọsibítù. Ìyẹn ló gbà kí n ṣe. Ọjọ́ kìíní tí mo dé, ó fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní, "Ṣé wọ́n ti ti ṣọ́ọ̀ṣì yín pa ni?" Mo ní, "Rárá, mà. Ẹ̀yin ni mo wá wò." Ó fi ọwọ́ ọ̀tún gbé ti òsì lé mi lọ́wọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Ìyá Ràfíù lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́ nítorí bàbá rẹ̀ tó ń ṣàìsàn. Mo tijú láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n inú mi dùn. Mo ní ọ̀nà mi ti ṣí. Irun náà ti gbó lórí Àǹtí mi, ó ti ń jáde lábẹ́ gèlè. Ní àná, mo jókòó tì í, mo rí i tó ń fi ìdí òòyà ha orí rẹ̀ láti òkè gèlè, ó ń ha á, ó ń dijú. Ọwọ́ mi kò gbé jẹ́ẹ́ mọ́. Mo ní, "Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n kàn bá yín tú u, kí Ìyá Ràfíù tó dé. Mi ò ní dì í."

Kò bínú. Ó tilẹ̀ fi ọwọ́ kàn mí léjìká. Ó ní, "Màá dúró dè é. Ó mọ ibi tó ń dùn mí."

Mo ti sọ ọ́ fún àwọn oníbàárà mi díẹ̀. Àwọn kan ní omi ló dànù, agbè kò fọ́, kí n máa ní sùúrù. Ẹnì kan ní kí n fi tipátipá tú gèlè lórí rẹ̀, pé ẹ̀gbọ́n mi ni, kò ní lè ṣe mí ní nǹkan kan. Ẹlòmíràn ní kí n má lọ mọ́, kí òun náà mọ̀ pé inú ń bí mi. Èwo ni kí n ṣe nínú rẹ̀? Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣẹ ẹni tó tọ́ yín, tí ó sì tún gbà yín padà, báwo ni ẹ ṣe ṣe é? Ṣé ẹ̀bẹ̀ ló gbọ́ ni, àbí ó kàn rí yín lójoojúmọ́ títí ó fi sú u láti máa kọ̀? Ẹ bá mi wí i kó yé mi, nítorí lọ́sàn-án ọ̀la n ó tún wà níbẹ̀, Ìyá Ràfíù kò sì tíì dé. Ní ti ẹ̀yin tó kù, tí ẹnì kan nínú ilé yín ń fíláàṣì yín báyìí, ààwẹ̀ yín kò ní bàjẹ́ bí ẹ bá dìde lórí ìkúnlẹ̀. Ẹni tí orí bá ń yún, ẹ má sọ fún un pé kó dúró di Àjíǹde.